Píìṣì Ti Pọ́n, Màmá Àgbà Ò Sí Nílé

Yéè! Màmá Àgbà, ṣé bí ẹ ṣe lọ nìyí? Díẹ̀ báyìí ló kù kí píìṣì yín pọ́n. Díẹ̀ yẹn ni mo ń bẹ Ọlọ́run fún. Mi ò bẹ̀ ẹ́ fún ọdún gbọọrọ.

Mọ́mì ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére gidi fún yín, kí n má fi ṣeré, torí àwọn àgbà ìjọ máa kà á. Mò ń gbìyànjú. Ṣùgbọ́n Yorùbá tí mo mọ̀, ẹnu yín ni mo ti gbọ́ ọ, wọn ò kọ́ mi níléèwé kankan. Bó bá wọ́ níbì kan, kò sí ẹni tó máa bá mi tún un ṣe mọ́.

Àbẹ̀kẹ́ ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ! Abiyamọ tí kì í jẹun ṣíwájú ọmọ! Ẹni tó kúrò l'Abẹ́òkúta wá tọ́ ọmọ ọmọ rẹ̀ nínú òtútù. Ẹ jẹ píìṣì, èso òyìnbó kan tí a rà ní ṣọ́ọ̀bù, ó dùn mọ́ yín lẹ́nu, ẹ pa kóró rẹ̀ mọ́, ẹ sì rì í mọ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri bíríkì tí oòrùn máa ń bá lẹ́yìnkùlé wa ní Whalley Range. Gbogbo èèyàn ní òjò Manchester á pa á. Ẹ ní, "Èmi tí mo wá láti Abẹ́òkúta ńkọ́, ṣé òjò pa mí?"

Igi hù. Ẹ fi ọ̀rá ṣe òrùlé fún un kí òjò má baà ba ewé rẹ̀ jẹ́. Bí ìrì dídì bá fẹ́ sẹ̀, ẹ ó kó ìró yín jáde, ẹ ó wé e mọ́ ọn látòkè délẹ̀. Bàbá òyìnbó ilé kejì á kí i káàárọ̀ kó tó rí i pé igi ni. Nítorí pé oyin kì í jáde lásìkò òtútù tí píìṣì ń tanná, ẹ gba búrọ́ọ̀ṣì tí Mọ́mì fi ń kun àtíkè, ẹ ń fi kan òdòdó kọ̀ọ̀kan, ẹ ń ṣe iṣẹ́ oyin fún un. Èmi á dúró lẹ́yìn yín, màá máa kùn bí oyin. Ẹ ò ní bojú wẹ̀yìn: "Àyìnlá, bó o bá jẹ́ oyin lóòótọ́, wá ṣiṣẹ́!" Nígbà tí mo so ọsàn mọ́ ẹ̀ka rẹ̀ láti fi dá yín lára yá, ẹ já ọsàn náà, ẹ bó o, ẹ jẹ ẹ́ tán lójú mi. Ẹ ní igi yín ń ṣe iṣẹ́ ìyanu.

Ọdún tó kọ́kọ́ so, ẹyọ kan ṣoṣo ló so. Gbogbo ilé ń dá itọ́ mì. Ẹ já a, ẹ fi áńkáṣíìfù funfun wé e, ó di ṣọ́ọ̀ṣì. Mọ́mì ní, "Màámi, ẹ gé e sí méjì, Ọlọ́run á gbà á." Ẹ ní, "A kì í rí àpá eyín lára àkọ́so." Pásítọ̀ gbàdúrà lé e, ó sì jẹ ẹ́. Nígbà tí a délé, mo sín Pásítọ̀ jẹ, bó ṣe di ojú, tó ń jẹnu wúyẹ́wúyẹ́, ẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú yín. Ẹ ní, "Ti ọdún tó ń bọ̀ ni tèmi." Ọdún tó ń bọ̀ dé, òtútù pa gbogbo òdòdó. Ẹ tún ní ọdún tó ń bọ̀.

Lọ́dún yìí ó so, ó so, ẹ̀ka tẹ̀. Àìsàn wá gbé yín dè. Lọ́sibítù, ẹ kì í béèrè ohun tí dókítà wí. "Àyìnlá, ṣé ó ti pọ́n?"

"Ó ṣì le, Màmá Àgbà."

"Má lọ ra ti ṣọ́ọ̀bù wá fi tàn mí o. Mo mọ̀ ẹ́."

Mo já ọ̀kan tí kò tíì pọ́n wá fún yín. Ẹ fi pa ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ gbóòórùn rẹ̀, ẹ ní, "Lọ dá a padà sórí igi." Mo ní kò ṣeé dá padà. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní ẹ mọ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọ́n pe Mọ́mì láti ọsibítù pé ẹ ti lọ.

A ò tíì sin yín tí oòrùn fi yọ, tí gbogbo rẹ̀ pọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Pásítọ̀ ní Ọlọ́run mọ ìdí. Ó lè mọ̀ ọ́n. Èmi ò mọ̀ ọ́n. Mọ́mì ní kí n ká a, mi ò lè na ọwọ́. Agbọ́n ń jẹ ẹ́, ó ń já bọ́, ó ń rà. Àwọn èèyàn ní kí n fi ohùn yín sọ̀rọ̀ díẹ̀, bí mo ṣe máa ń sín yín jẹ tẹ́lẹ̀, kára lè tù wọ́n. Mo kọ̀ fún wọn, mo jáde lọ sẹ́yìnkùlé.

Lánàá, mo já ọ̀kan. Mo gé e jẹ, omi rẹ̀ ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́ mi. Ó dùn, Màmá Àgbà. Ó dùn gan-an. Ì bá ṣe pé ó kan ni, ì bá sàn fún mi.

Ẹ sùn re o, ìyá mi àgbà. Ẹ sùn re.

Àyìnlá, ọmọ ọmọ yín