Wọ́n Ní Ọ̀rẹ́ Mi Ń Díbọ́n

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìjẹ̀bú-Òde, ilé wa àti ilé ọ̀rẹ́ mi kò jìnnà síra. Bí ìyá rẹ̀ bá ń se ọbẹ̀, òórùn rẹ̀ á ti dé ọ̀dọ̀ wa. Kristẹni ni wá, Mùsùlùmí ni wọ́n, ìyá rẹ̀ sì ń ta aṣọ. Ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu ọ̀rẹ́ mi yìí, ó sì mọ ìṣirò jù mí lọ. Ohun kan ṣoṣo ló ń ṣe é: bí ariwo bá ta lójijì, ó lè ṣubú. Bí wọ́n bá lu agogo ilé-ìwé nítòsí rẹ̀, ojú rẹ̀ á yí, ẹsẹ̀ rẹ̀ á rọ, á sì nà sílẹ̀ gbalaja. Kì í pẹ́ tó fi ń jí, á wá máa wò wá bí ẹni pé àwa la ṣubú.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín ohun tí ọ̀gá ilé-ìwé wa ṣe. Ó ní iṣẹ́ oko ilé-ìwé ni ọmọ náà ń sá fún. "Ó ń díbọ́n," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Á ní kí wọ́n gbé e dìde, á sì nà án lẹ́gba níwájú gbogbo wa. Ìyá mi lọ bá a lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Tíṣà, ara ọmọ yìí kò yá o." Ó dáhùn pé, "Màmá, ẹgba ni oògùn irú àìsàn yẹn."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n lu agogo, ọ̀rẹ́ mi ṣubú. Ọ̀gá ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, pé bí ilẹ̀ bá sú u, á dìde fúnra rẹ̀. A tò sórí ìlà, à ń wò ó. Kò dìde. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ó ti kú. Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n sin ín. Àwọn àgbà àdúgbò ní emèrè ni, pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ló pè é. Ọ̀gá wa wá kí àwọn òbí ọ̀rẹ́ mi, wọ́n fún un níjòókòó, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó wá. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Mo dàgbà, mo kọ́ṣẹ́ dókítà. Nígbà tí a dé orí ẹ̀kọ́ nípa ọkàn, olùkọ́ wa, ọkùnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, máa ń kó bébà tó jáde lára ẹ̀rọ í-sí-jí síwájú wa. Ẹ̀rọ yìí ni wọ́n ń so wáyà rẹ̀ mọ́ aláìsàn láyà, lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀, tí á sì máa fi ìlà ya bí ọkàn ṣe ń lù. Lójú mi nígbà àkọ́kọ́, àfi bíi pé kòkòrò kan ló ti ẹsẹ̀ bọ tàdáwà tó wá ń rìn kiri lórí bébà. Olùkọ́ wa kò gbà kí a méfò. Á ní, "Ẹ má sọ ohun tí ẹ rò, ẹ sọ ohun tí ẹ rí." Díẹ̀díẹ̀, ojú mi là. Mo mọ òkìtì kékeré tó ṣáájú, ṣóńṣó tó tẹ̀ lé e, àti òkìtì tó fẹ̀ tó kẹ́yìn, níbi tí ọkàn ti ń múra sílẹ̀ láti tún lù. Mo mọ ọkàn tó ń sáré jù, èyí tó ń wọ́ ẹsẹ̀, àti èyí tó ń lù ségesège.

Lọ́jọ́ kan, ó gbé bébà kan kalẹ̀ tó dà bíi pé kò sí nǹkan tó ṣe ọkàn ẹni tó ni ín. Mo wọn àlàfo tó wà láti ìbẹ̀rẹ̀ ṣóńṣó dé ìparí òkìtì ìkẹyìn: ó gùn jù. Olùkọ́ ní irú ọkàn bẹ́ẹ̀ máa ń pẹ́ jù kó tó múra tán. Bí ìjayà bá ká a mọ́ ibẹ̀, á kàn máa gbọ̀n, kò ní í lè fún ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ, ẹni náà á sì dákú. Ọkàn náà lè padà bọ̀ sípò fúnra rẹ̀. Ó sì lè má padà mọ́. "Ó máa ń wà nínú ẹbí," ó ní, "agogo lásán sì lè fà á." Mo dìde, mo jáde láìtọrọ àyè. Mo sunkún lóde, ẹkún ìbínú.

Mo wá ìyá ọ̀rẹ́ mi lọ sí Ayépé, níbi tó ti kó lọ, nítorí ọmọkùnrin kan ṣì wà tó bí lẹ́yìn rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n mú un lọ fún àyẹ̀wò.

"Ṣé ohun tí o ń sọ ni pé ọmọ mi ò díbọ́n?"

"Kò díbọ́n, mà."

"Wọ́n jẹ́ kí èmi náà nà án," ló wí, ó sì fi ìborùn bo ojú.

Bébà àbúrò náà rí gẹ́lẹ́ bí èyí tí olùkọ́ fi hàn wá. Wọ́n fún un ní oògùn, ó ń lò ó títí dòní, ó sì ti rí ọmọ-ọmọ.

Mo mú bébà yẹn lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé wa, tó ti fẹ̀yìntì sí Ibefun. Mo tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀, mo ṣàlàyé. Ó wo bébà, ó wò mí.

"Ọmọ wo lò ń sọ?"

Mo dárúkọ rẹ̀. Mo dárúkọ ilé bàbá rẹ̀. Ó mi orí. "Ọmọ tó gba ọwọ́ mi kọjá pọ̀," ó ní, "kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere." Ó wá ní kí ìyàwó òun bá mi gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò wá. Mo kúnlẹ̀ dágbére nítorí pé wọ́n tọ́ mi, ṣùgbọ́n n kò fọwọ́ kan ọtí náà.

Ayé ti yí padà, mo gbà. Àwọn ọ̀dọ́ ń so aago tó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù mọ́ ọrùn ọwọ́. Ẹ̀rọ tuntun tilẹ̀ ń kọ èsì sókè bébà fúnra rẹ̀, débi pé àwọn dókítà kan kì í wo ìlà mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ wo ló máa kọ́ wa láti gba ọmọdé gbọ́? Mo ṣì ń gbọ́ ọ lẹ́nu tíṣà, lẹ́nu pásítọ̀, lẹ́nu àlùfáà: ẹ̀mí àìmọ́ ni, ọ̀lẹ ni, ẹ fi í sílẹ̀. Àwọn kan ní kí n gbàgbé, pé ọ̀gá yẹn náà ti kú. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé ọmọ tó dákú wọlé, ìbínú yìí ló ń gbé mi dìde lórí àga kí n tó mọ̀ pé mo ti dìde. Ẹ jẹ́ kó máa bí mi. Ẹ̀yin náà, ẹ jẹ́ kó bí yín.