Ọjọ́ Tí Bàbá Bọ́mà Gba Mẹ́dà Ní Mápó

Nígbà tí mo kéré, tí eyín iwájú mi méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ ká, àbúrò bàbá mi kan wà nínú agbo ilé wa ní Pópó Yemọja, n'Ìbàdàn, tí gbogbo ọmọdé ń pè ní Bàbá Bọ́mà. Kì í ṣe pé ó dàgbà tó ẹni tí à ń pè ní bàbá o. Ó kàn jẹ́ pé ó ti lọ jagun fún òyìnbó ní ilẹ̀ Bọ́mà, ó sì padà wálé láàyè. Ẹni tó bá rí ohun tó rí, àgbà ni.

Fìlà ló ń rán. Ẹ ò bá rí i bí ọwọ́ ńláńlá yẹn ṣe máa ń di abẹ́rẹ́ mú! Ìró ìbọn ti ba etí òsì rẹ̀ jẹ́, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ ní láti bọ́ sí ọ̀tún. Láràárọ̀, tó bá ti kírun àsùbáà tán, yóò to àwa ọmọdé sójúde, yóò pariwo "Àtẹ́ńṣọ̀n!", yóò wá máa yẹ èékánná wa wò. Ẹni tí tirẹ̀ bá dọ̀tí, "Kai! Maza-maza!", kíá-kíá lédè Hausa àwọn ṣọ́jà, onítọ̀hún á sì sáré lọ sídìí àmù. Ẹni tí tirẹ̀ bá mọ́ yóò gba gúgúrú ẹ̀kúnwọ́. Kí n má purọ́ fún yín, a fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn bàbá tó bí wa lọ.

Ohun kan ṣoṣo ló wà tí kò yé wa. Bàbá Bọ́mà kì í dé Bẹẹrẹ. Yóò ru fìlà lọ sí Ọjà'ba, yóò ru ú lọ sí Oríta-mẹ́rin, ṣùgbọ́n oníbàárà tó bá wà ní Bẹẹrẹ, kó yáa wá gba fìlà rẹ̀ nílé. Àwa ọmọdé ní ọmọbìnrin kan ló kọ̀ ọ́ níbẹ̀. Ìyá mi ní ká panu mọ́.

Ó wá di ọjọ́ kan, ìránṣẹ́ Ajẹ́lẹ̀, òyìnbó tó ń ṣàkóso ìlú nígbà náà, wọ agbo ilé wa. Ó ní ọba àwọn òyìnbó ti fi mẹ́dà ránṣẹ́ sí Bàbá Bọ́mà nítorí ìwà akin tó hù lójú ogun, kí ó wá gbà á ní gbọ̀ngàn Mápó. Haa! Ilé gba ariwo. Ìyá wa àgbà, tó bí òun àti bàbá mi, fọ kákí rẹ̀, ó fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ ọ́ títí ó fi le gbagidi. Nígbà tí ọjọ́ pé, gbogbo wa la gun òkè Mápó, tọmọdé tàgbà, àwa kéékèèké sì jókòó sórí àtẹ̀gùn nídìí àwọn òpó ńláńlá wọ̀nyẹn.

Òyìnbó sọ̀rọ̀, ògbufọ̀ ń túmọ̀ rẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ ogun ń sọdá odò kan nígbà tí àwọn ọ̀tá tó lúgọ da ìbọn bò wọ́n. Gbogbo wọn sá padà, àfi ẹnìkan, ọ̀rẹ́ Bàbá Bọ́mà, tí ọta bà, tó ṣubú sí òdìkejì. Ọ̀gá wọn ní kí ẹnikẹ́ni má padà síbẹ̀. Bàbá Bọ́mà padà. Ọta ìbọn ń já sínú omi lọ́tùn-ún lósì bó ṣe ń la odò náà kọjá. Ó gbé ọ̀rẹ́ rẹ̀ pọ̀n sẹ́yìn, ó sì gbé e sọdá. Ògbufọ̀ dárúkọ ọ̀rẹ́ náà, ó ní ọmọ Ìbàdàn ni, ará Bẹẹrẹ. Àtẹ́wọ́ wá ń rọ́ bí òjò orí páànù, òyìnbó sì fi mẹ́dà há a láyà.

Ṣùgbọ́n èmi ń wo ojú rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín rárá. Bí a ti délé báyìí ló tú mẹ́dà náà kúrò láyà, tó wọ yàrá lọ. Ẹran tí wọ́n tìtorí rẹ̀ sè, kò fọwọ́ kàn án.

Lọ́jọ́ kejì, lójú ìrọ̀lẹ́, ìyá arúgbó kan wọlé wá tòun ti ọ̀pá. Ó kí gbogbo ilé, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣọ́jà tí wọ́n dá lọ́lá ní Mápó lánàá ńkọ́?"

Ìyá mi lọ pè é. Bó ti yọ sẹ́nu ọ̀nà, tó rí obìnrin náà, ló dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Kò rí i rí o, ṣùgbọ́n ó sọ fún wa lẹ́yìn náà pé ojú ọ̀rẹ́ òun gan-an ló wà lójú rẹ̀.

"Dìde, ọmọ mi."

Kò dìde. Ó ní, "Ẹ forí jì mí, ìyá. Mo gbé e sọdá odò, ṣùgbọ́n n kò gbé e délé."

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ Bẹẹrẹ tó yé wa. Ọ̀rẹ́ náà kò yè é. Ojú ìyá rẹ̀ ni Bàbá Bọ́mà ti ń sá fún látọjọ́ yìí, nítorí kò mọ ohun tí òun yóò wí bí ìyá bá ní, ọmọ ẹlòmíì dé, tèmi dà?

Ìyá arúgbó náà rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tì í. Ó béèrè nǹkan, Bàbá Bọ́mà kò gbọ́. Ìyá mi ní, "Ẹ bọ́ sí ọ̀tún rẹ̀, ìyá." Ó bọ́ síbẹ̀.

"Ṣé ó sọ̀rọ̀ kó tó lọ?"

"Ó béèrè omi. Mo fún un, ó sì mu."

"Ṣé ẹ sin ín?"

"Èmi ni mo gbẹ́ ilẹ̀, ìyá. Àwa Mùsùlùmí tó wà níbẹ̀ kírun sí i lára, a sì kọjú rẹ̀ sí Kíbúlà."

Obìnrin náà ní, "Alihamudulilai." Ó tún un wí. Ó wá bú sẹ́kún. "Látìgbà tí wọ́n ti sọ fún mi pé ó kú, igúnnugún ni mo rò pé ó jẹ ọmọ mi."

Kò sí obìnrin kan nínú agbo ilé tí kò sunkún lọ́jọ́ náà. Bàbá Bọ́mà wọlé, ó mú mẹ́dà jáde, ó kúnlẹ̀, ó nà án sí ìyá náà pé ìyá ló ni ín. Ìyá yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó dá a padà.

"Tìẹ ni. Èmi ò wá gba irin. Ìwọ ni kó o máa wá."

Bàbá Bọ́mà sì ń lọ. Ní gbogbo Jímọ̀, tí wọ́n bá ti kírun tán, Bẹẹrẹ ló ń gbà lọ, ó sì ń mú mi dání nígbà mìíràn. Ìyá náà yóò gbé mọ́ínmọ́ín fún wa, yóò sì máa bá a jà pé kò jẹun tó. Nígbà tó gbéyàwó, tí ìyàwó rẹ̀ bí ọmọkùnrin, orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́. Nígbà tí ìyá wá kú, tí wọ́n ní kí àwọn ọmọ olóògbé wọ kòtò láti tẹ́ ẹ sílẹ̀, Bàbá Bọ́mà ló kọ́kọ́ bọ́ sí i. Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló pa òun àti ìyá pọ̀.

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ mi. Agbo ilé wa ti di ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó ń gbé ibẹ̀ kò mọ orúkọ ẹni tí ògiri pín wọn níyà. Láìpẹ́ yìí, ọmọkùnrin ṣọ́jà kan dé sí àdúgbò wa láti ojú ogun òkè Ọya. Àwọn ọ̀dọ́ yí i ká, wọ́n ń bá a ya fọ́tò, wọ́n ń pè é ní ọ̀gá. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, oníkálùkù ti bá tirẹ̀ lọ. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi pé kì í sùn.

Mo ti ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Mo ń gbé àpótí ìjókòó mi lọ, mo ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, n kì í bi í ní nǹkan kan. Ó pẹ́ kó tó dá mi lóhùn ju ẹ kúùrọ̀lẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n lánàá, ó wo ojú ọ̀nà títí, ó ní, "Màmá, ọ̀rẹ́ mi kan wà níbẹ̀ tó fẹ́ràn àwàdà gan-an."

Mo ní, "Sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún mi."