Abẹ́rẹ́ Ọjọ́ Mẹ́ta

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹta ọdún 2024, ọmọ kejì Sodiqat kú ní Àgọ́-Àmọ̀dú. Wákàtí mọ́kànlá ló lò láyé.

Sodiqat ń ṣe láfún. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń sá ẹ̀gẹ́ lórí àpáta ẹ̀yìn ìlú, tó ń lé ewúrẹ́, òun ni. Ara rẹ̀ le. Àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló pa ọmọ rẹ̀.

Bí ilà ṣe máa ń wà lójú èèyàn, bẹ́ẹ̀ ni àmì wà lára ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ Ràsáàkì ọkọ rẹ̀ ní àmì kan tí tirẹ̀ kò ní. Samsudeen, àkọ́bí wọn, jogún àmì náà. Lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀ ìyá. Àwọn ọmọ ogun ara ń yẹ gbogbo ohun tó bá wọlé wò. Èyí tí wọn kò bá mọ̀, ọ̀tá ni. Ṣùgbọ́n ó máa ń gbà wọ́n lákòókò díẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ àmì tuntun. Abẹ́rẹ́ kan wà tó ń gbá ẹ̀jẹ̀ ọmọ kúrò kí wọ́n tó kọ́ ọ. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ìbí ni àyè rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Mọ́ládé, tó gbẹ̀bí Samsudeen, tó sì yẹ ẹ̀jẹ̀ ìyá àtọmọ wò, wá sílé lọ́jọ́ kejì ìbí náà.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí Sodiqat bá mi lọ gba abẹ́rẹ́ ní Ṣakí báyìí. Nítorí àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni."

"Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn!" Ìyá Ràsáàkì pàtẹ́wọ́. "Èyí tó wà nílẹ̀, ṣé a ti sọ ọ́ lórúkọ? Abiyamọ kì í jáde kó tó di ọjọ́ kẹjọ. Àbí wọn ò kọ́ ẹ nílé ni, Mọ́ládé?"

"Abẹ́rẹ́ náà ò ní dúró de ìsọmọlórúkọ, màmá."

"Kí abẹ́rẹ́ máa lọ nígbà náà. Àgbò ti wà lórí ìso."

Àwọn obìnrin ilé rẹ́rìn-ín. Ràsáàkì jáde lọ já ewé fún àgbò.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án ìbí náà ni wọ́n tó gbé Sodiqat dé Ṣakí. Dókítà ní àkókò abẹ́rẹ́ náà ti kọjá. Ohun tí àwọn ọmọ ogun yẹn bá ti kọ́, wọn kì í gbàgbé.

Nígbà tí oyún kejì dé, ohun ìjà wọn ti wà nílẹ̀. Ó gba inú ibi ọmọ kọjá sára ọmọ, ó rí àmì náà, ó sì ń ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Àárọ̀ ni wọ́n bí ọmọ náà. Kó tó di ọ̀sán, àwọ̀ ojú rẹ̀ ti dà bí ti ìyeyè.

"Àbíkú ni," ni Ìyá Ràsáàkì wí. Irọ́ ni. Mọ́ládé ti sọ fún un.

Sodiqat ti lóyún kẹta.

Ìwọ tó ń ka èyí, mú aboyún ilé rẹ lọ yẹ irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lọ́la. Má wá sọ fún mi pé o kò mọ̀.