Bátìrì Tí Kì Í Kún

Nígbà tí bátìrì sólà ilé wa kọ̀ tí kò kún mọ́, bàbá mi ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Mo ní "gbọ́" nítorí pé ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì látìgbà tí àìsàn ojú ti mú wọn. Wọ́n jókòó ní pálọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n dẹtí, wọ́n ní, "Fíríìjì yẹn ti dákẹ́." Oòrùn ò tíì wọ̀ tán. Láti ọjọ́ náà, ojoojúmọ́ ló ń dákẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, bẹ́ẹ̀ sì rèé, inú rẹ̀ ni oògùn tí à ń kán sí wọn lójú wà, oògùn tí kò gbọdọ̀ gbóná.

Àdúgbò Ọgbà là ń gbé, lápá ibi tí èèyàn ti ń gbọ́ ariwo ẹ̀rọ àwọn iléeṣẹ́ Ìkẹjà bí atẹ́gùn bá fẹ́ síhà wa. Ọ̀kan nínú àwọn iléeṣẹ́ náà, níbi tí wọ́n ti ń hun aṣọ, ni bàámi ti ṣiṣẹ́ iná títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ẹ̀rọ tó bá kọṣẹ́, àwọn ni wọ́n máa ń pè. Ṣùgbọ́n látìgbà tí ojú ti ń dùn wọ́n, wọn ò fọwọ́ kan irinṣẹ́ mọ́. Tí gílóòbù bá jó, èmi ni mò ń pààrọ̀ rẹ̀, wọn á sì yíjú síbòmíràn.

Mo pe ọkùnrin tó bá wa ṣe sólà náà. Ó dé, ó wo bátìrì, ó mirí. "Àǹtí, bátìrì yìí ti kú. Òmíràn lẹ máa rà."

Kí n tó dáhùn, bàámi ti sọ̀rọ̀ láti orí àga wọn. "Kí ló pa á?"

"Ó ti gbó ni, Bàbá."

"Èmi náà ti gbó. Ṣé mo ti kú ni?"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà ní ká rò ó wò, ó bá tirẹ̀ lọ. Bó ṣe ń ti géètì, bàámi ní, "Lọ wọ́ àpótí irinṣẹ́ mi jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

Mo sáré lọ débi pé mo forí gbá bẹ́ẹ̀dì. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu wọn, ohùn ẹni tó níṣẹ́ láti ṣe.

Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ gòkè lọ wo pánẹ́ẹ̀lì. Mo wọ ṣòkòtò, wọ́n di àkàbà mú nísàlẹ̀, mo gun òrùlé ilé ìdáná ẹ̀yìnkùlé, níbi tí pánẹ́ẹ̀lì wa wà. Eruku àti èéfín iléeṣẹ́ ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì náà, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo da omi sí i, mo fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́.

"Bàámi, omi tó ń ṣàn lára rẹ̀ dà bí aró!"

"Rọra o! Má fẹsẹ̀ tẹ ibi tí kò sígi lábẹ́!"

Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀, mò ń kọrin. Mo rò pé a ti yanjú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, fíríìjì pẹ́ díẹ̀ sí i kó tó dákẹ́, ṣùgbọ́n ó dákẹ́ náà ni. Ó rẹ̀ mí láti ọkàn wá. Ṣùgbọ́n bàámi ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Nǹkan yìí gbọ́n," ni wọ́n wí. "A máa mú un."

Mítà tí wọ́n fi ń wọn agbára iná wà nínú àpótí wọn. Wọ́n kọ́ mi bí mo ṣe máa fi ẹnu rẹ̀ pupa kan wáyà pupa, dúdú kan dúdú, tí ọwọ́ mi ò sì ní kan irin. Wọn ò lè rí nọ́ńbà ojú rẹ̀, torí náà èmi ni màá kà á.

Ọ̀sán gangan ni mo padà sórí òrùlé, oòrùn ń ta bí iná. Mo fi mítà kan ibi tí wáyà ti jáde lára pánẹ́ẹ̀lì.

"Kà á fún mi!" ni wọ́n ké látìsàlẹ̀.

"Ogún fóltì!"

"Ó dáa! Bọ́ sílẹ̀, lọ síbi kọntirólà!"

Kọntirólà ni àpótí kékeré ara ògiri tó ń gba iná lọ́wọ́ pánẹ́ẹ̀lì, tó ń bù ú fún bátìrì. Mo sáré wọlé, mo fi mítà kan ibi tí wáyà kan náà ti wọnú rẹ̀.

"Bàámi, méjìlá àti díẹ̀ ni mo rí níbí o."

"Tún un kà."

"Méjìlá àti díẹ̀ náà ni."

"Ogún ló gbéra, méjìlá ló dé!" Wọ́n pàtẹ́wọ́ gbàà. "Tí táǹkì bá kún lókè, tí omi wá ń kán tó-tó-tó lẹ́nu ẹ̀rọ nísàlẹ̀, ṣé bọ́kẹ́ẹ̀tì lo máa bá jà?"

"Rárá. Páìpù ni."

"Páìpù ni! Bátìrì ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ebi ló ń pa á!"

Mi ò lè dúró lójú kan mọ́. Wáyà náà gba abẹ́ òrùlé, ó gba ara ògiri ẹ̀yìnkùlé kó tó wọlé. Mo wò ó látòkè délẹ̀, mi ò rí ibi tó já tàbí ibi tó bó. Mo sọ fún wọn pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Gbé àga wá."

Wọ́n gun àga onígi, mo di ìbàdí wọn mú. "Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣubú." Wọ́n na ọwọ́ sókè, wọ́n fi ẹ̀yìn ìka kan wáyà náà, wọ́n ń tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀. Wọ́n kọjá ibìkan, wọ́n dúró, wọ́n padà síbẹ̀.

"Ó ń gbóná níbí."

Mo gòkè, mo na ọwọ́ tèmi. Lóòótọ́ ni! Wáyà tó kù tutù lábẹ́ ibòòji, ibẹ̀ nìkan ló gbóná bí iwájú orí ọmọ tí ibà mú. Ìgbà yẹn ni mo tó rí i pé téèpù dúdú ni ẹni tó ṣe sólà fi wé e níbẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ àti ti wáyà kò yàtọ̀ síra.

"Wọ́n so ó níbí ni!" mo pariwo. "Bàámi, ẹ ti rí i!"

"Ìwọ lo rí nọ́ńbà," ni wọ́n wí, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ìwọ lo jẹ́ kí n mọ̀ pé mo ní nǹkan láti wá."

Kí a tó tú u, wọ́n ní kí n kó kúbùsù méjì lọ bo pánẹ́ẹ̀lì. A ò lè pa oòrùn, wọ́n ní, àmọ́ a lè bò ó lójú. Mo yọ wáyà lára bátìrì pẹ̀lú, mo wá fi ọ̀bẹ la téèpù náà. Ìyẹ̀fun àwọ̀ ewé dà jáde. Òjò ti ń wọ ibẹ̀, ó ti jẹ bàbà inú wáyà, ó ku fọ́nrán díẹ̀ tó dì í mú.

A wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù oníwáyà. Bàámi ní àwọn máa bá mi lọ, àwọn tí kì í kọjá géètì mọ́ àfi tí wọ́n bá ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ọlọ́jà na wáyà kan sí wa, bàámi fi èékánná tẹ̀ ẹ́, wọ́n ní, "Èyí tínrín jù. Fún wa lèyí tó nípọn, kó gùn dé ibi tó ń lọ láìsí ìsopọ̀."

Nígbà tí a so wáyà tuntun náà tán, mo dá wáyà bátìrì padà, mo gun òrùlé, mo ṣí kúbùsù, mo fò sọ̀kalẹ̀. Bàámi ti dúró síwájú kọntirólà bí ẹni tó ń retí ọkọ̀ ojú irin.

"Fi mítà kan ẹnu bátìrì; tó bá ń jẹun, ó máa gòkè lọ síhà mẹ́rìnlá. Kà á fún mi."

"Mẹ́tàlá!" Mo dúró díẹ̀. "Ó ń gòkè o! Bàámi, ó ti ń sún mọ́ mẹ́rìnlá!"

Wọ́n gbé orin ìdúpẹ́, wọ́n ń jó yípo pálọ̀, ọwọ́ wọn ń gbá àga. Èmi náà bá wọn jó. Ariwo wa pọ̀ débi pé Alhaja tó ń gbé lókè wa yọjú lójú àtẹ̀gùn, ó ní ṣé kò sí wàhálà.

"Bátìrì ló ń jẹun, Alhaja!" ni bàámi dáhùn.

Alhaja rẹ́rìn-ín, ó wá dẹ ohùn. "Ẹ̀gbọ́n, tèmi náà kì í kún mọ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó tó bá rọ̀ yín lọ́rùn."

Bàámi na ọwọ́ sí mi. "Gbé mítà," ni wọ́n wí. Wọ́n di irin àtẹ̀gùn mú, wọ́n ṣáájú mi gòkè.