Físà Tí Bọ̀dá Yàn Fún Mi

Orí àpáta ẹ̀yìn ilé wa ní Ìkẹ́rẹ́ ni mo wà, mo ń kó iṣu tí mo sá fún èlùbọ́ sínú agbọ̀n nítorí òjò tó ṣú, nígbà tí ọkọ mi ránṣẹ́ pè mí pé ẹ̀gbọ́n òun ti dé, pé ọ̀rọ̀ ìrìn àjò mi ló bá wá. Mo kó iṣu náà tán kí n tó sọ̀ kalẹ̀. Bí òjò bá pa iṣu, yóò bu. Bí Bọ̀dá bá dúró díẹ̀, kò sí ohun tí yóò ṣe é.

Ọmọbìnrin mi àgbà ló wà ní Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Oyún àkọ́kọ́ tí ó ní níbẹ̀ bàjẹ́ lára rẹ̀ nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà níbi iṣẹ́ òru, òun nìkan ló sì gbé ara rẹ̀ dé ọsibítù. Èyí ni ìkejì. Dókítà ti ní kí ó máa dùbúlẹ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Ó kọ̀wé sí mi pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá kí n tó bímọ. Ẹ̀rù ń bà mí." Láti kékeré, ọmọ yẹn kì í sọ pé ẹ̀rù ń ba òun. Ìdí tí mo fi fẹ́ lọ nìyẹn, kò sí òmíràn. Mo fẹ́ dúró tì í, kí n wẹ ọmọ, kí n fi omi gbígbóná jó ìyá ọmọ níkùn, kí n sì padà sílé mi nígbà tí ọrùn ọmọ bá le.

Bọ̀dá ti gbé Lọ́ńdọ̀nù rí. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀, nítorí kì í jẹ́ kí a gbàgbé. Ó lọ kọ́ òfin, ó sì padà láìní ìwé ẹ̀rí kankan lọ́wọ́, àfi kóòtù onírun kan tí ó máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nínú oòrùn tí ewúrẹ́ pàápàá ń wá ibòji sí. Síbẹ̀, bí ọ̀rọ̀ ìlú òyìnbó bá ti délẹ̀ nínú ẹbí, òun ni wọn yóò máa dúró dè. Ọkọ mi jẹ́ tíṣà. Ó ń fi ẹgba kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n máa lo làákàyè ara wọn, ṣùgbọ́n kò lè lo tirẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ìyàwó, jókòó," ni Bọ̀dá wí. "Fọ́ọ̀mù dà?"

Mo gbé e fún un. Mo ti kà á tán. Wọ́n béèrè níbẹ̀ pé kí ni ènìyàn ń bá lọ: ṣé ìbẹ̀wò ni, ṣé ẹ̀kọ́ ni, ṣé iṣẹ́ ni. Mo ti fi pẹ́ńsù sàmì fẹ́ẹ́rẹ́ sí ìbẹ̀wò.

Ó wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìbẹ̀wò! Ta ní ń bẹ òyìnbó wò? Oṣù mélòó ni wọ́n fẹ́ fún ẹ? Ẹ̀kọ́ ni kí o mú. Ọdún mẹ́ta gbáko!"

"Bọ̀dá, kí ni mo fẹ́ fi ọdún mẹ́ta ṣe níbẹ̀?"

"Ẹ gbọ́ o! Àwọn kan ń ta ilẹ̀ bàbá wọn nítorí ẹ̀, ìwọ ń béèrè ohun tí wàá fi ṣe!"

"Ọmọ mi àgbà ti fẹ́ di ìyá ọmọ, sà. Kí ni kí n sọ pé mo ń lọ kọ́?"

"Aṣọ rírán. Òyìnbó ò ka ọjọ́ orí sí nǹkan kan."

Mo wo ọkọ mi. Ó ń wo ilẹ̀. "Ṣe bí Bọ̀dá ṣe wí," ni ó sọ fún ilẹ̀ náà.

Bọ̀dá pa àmì mi rẹ́. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan ní Lọ́ńdọ̀nù yóò bá mi gba lẹ́tà ilé-ìwé kan. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ fi ìṣúra hàn mí. "Má sì sọ fún ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́ rẹ o. Ayé le. Bí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á dínà mọ́ ọ."

Akọ̀wé ni mí ní ọ́fíìsì ilé-ìwé girama kan ní Ìkẹ́rẹ́. Mo ní ìsinmi tí ó tọ́ sí mi tí n kò tíì gbà. Lẹ́tà kan láti ọwọ́ pírínsípà ì bá fi hàn pé mo ní iṣẹ́ tí mo ń padà bọ̀ wá bá. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, a kì í sọ ìrìn àjò kí ó tó bọ́ sí i. Ènìyàn lè ti wọ ọkọ̀ òfuurufú tán, kí àwọn ará ilé rẹ̀ ṣì máa sọ fún aládùúgbò pé ó lọ sí oko.

Nígbà tí lẹ́tà ilé-ìwé dé, Bọ̀dá sìn mí lọ sí ọ́fíìsì físà àwọn òyìnbó ní Èkó. Láti ìdájí tí a ti wà lórí ìlà ni ó ti ń kọ́ mi ní ohun tí n ó wí. Nígbà tó kàn mí, ó tẹ̀ lé mi. Sikiọ́ríìtì na ọwọ́ dí i lọ́nà.

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ ń lọ ni?"

"Èmi? Mo ti gbé ibẹ̀ rí!"

"Ẹ kú ìgbé ibẹ̀. Ẹ dúró síta."

Nínú ilé, òyìnbó kan tí mo lè bí ló jókòó sẹ́yìn gíláàsì, pẹ̀lú ọmọbìnrin Yorùbá kan tí ń túmọ̀. Mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà wò mí láti gèlè dé bàtà, ó sì ti pinnu pé n kò gbọ́.

"Ó ní kí lẹ fẹ́ lọ kọ́, màmá?"

"Aṣọ rírán."

"Ó ní irú maṣínnì wo lẹ fi ń ránṣọ báyìí?"

N kò ní maṣínnì kankan. Bọ́tìnnì tó bá já lára aṣọ ọkọ mi, télọ̀ ojúde wa ló ń bá mi gán an. Mo rí ọmọ mi tó dùbúlẹ̀ lókè òkun, mo sì rí ara mi tí mo ń purọ́ maṣínnì. Ni mo bá fi Gẹ̀ẹ́sì dá ọkùnrin náà lóhùn fúnra mi: n kò lọ kọ́ nǹkan kan, ọmọ mi lóyún, ó ti pàdánù ọ̀kan, mo fẹ́ lọ dúró tì í kí n sì padà sẹ́nu iṣẹ́ mi.

Ó gbé báírò sílẹ̀. Ó béèrè lẹ́tà ibi iṣẹ́ mi.

"Wọn kò mọ̀ pé mo ń lọ."

"Kí ló dé?"

Mo wá ọ̀nà tí mo lè gbà ṣàlàyé ayé fún òyìnbó, n kò rí i. "Ní ìlú wa, a kì í sọ ọ́."

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ará òkè! Ẹ tún ń fi físà pamọ́ fún àjẹ́."

Òyìnbó náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n gba ìwé mi padà, nítorí bí òun bá kọ̀ ọ́, àmì rẹ̀ yóò wà nínú páásípọ́ọ̀tù mi. Kí n mú lẹ́tà ibi iṣẹ́ wá, àti ti dókítà ọmọ mi, kí n sì béèrè fún físà ìbẹ̀wò.

Bọ̀dá ń lààgùn níta. "Wọ́n fún ẹ?"

Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

"O ti bà á jẹ́! Àbí o ti sọ fún ẹnì kan níbi iṣẹ́ ni?"

Ó bá mi wí títí a fi dé Ọ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó sùn, ó ya ẹnu sílẹ̀, orí rẹ̀ sì ń wó lé mi léjìká. Mo ń tì í padà.

Lọ́jọ́ tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, mo wọlé tọ pírínsípà lọ. N kò tíì lanu tán tí ó fi ní, "Ẹ jókòó, màmá. Mo ti ń retí yín. Ìgbà wo lẹ ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù?"

"Ta ló sọ fún yín, sà?"

"Ẹ̀gbọ́n ọkọ yín mà ni! Níbi ìpàdé àwọn ọkùnrin ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní òun ń rán ìyàwó àbúrò òun lọ sí yunifásítì."

Ayé tí Bọ̀dá ń sá fún, òun fúnra rẹ̀ ló lọ pè é jókòó. Pírínsípà kọ lẹ́tà náà níṣojú mi. Ti dókítà pẹ́ kí ó tó dé, oyún sì ti wọ oṣù kẹjọ. Mo sọ fún ọkọ mi pé mo ń padà sí Èkó, èmi nìkan.

"Bọ̀dá ńkọ́?"

"Ẹ sọ fún un pé mo lọ sí oko."

Òyìnbó yẹn náà ni mo bá. Ó ka lẹ́tà méjèèjì, ó béèrè ìgbà tí n ó padà, mo ní nígbà tí ọrùn ọmọ bá le. Wọ́n fún mi ní físà.

Lọ́jọ́ tí mo ń lọ, Bọ̀dá dé tòun ti kóòtù. Ó gbàdúrà títí dírẹ́bà fi bẹ̀rẹ̀ sí fun fèrè, ó sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ pé òun lòun ṣe é. Ọkọ mi ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo ti gbé ẹsẹ̀ kan sínú mọ́tò nígbà tí Bọ̀dá di apá mi mú. Mo rò pé ó fẹ́ kí n kí ọmọ náà fún òun. Ó tẹ orí ba, ó mú ẹnu sún mọ́ etí mi, ohùn rẹ̀ kò sì jọ ti ẹni tó ń kọ́ni ní nǹkan mọ́.

"Má padà o, ìyàwó," ni ó wí. "Ṣé ìwọ náà rí èmi tí mo padà."