Ìlà Kan Tí Mo Gbàgbé Láti Pa Rẹ́

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: èmi ni mo ṣe é. Kì í ṣe kọ̀ǹpútà, kì í ṣe iná ìjọba, kì í ṣe ayé. Àwọn oníbàárà máa ń wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Lásunwọ̀n, ní Ìkòròdú, wọ́n á ní, "Àǹtí, ẹ̀rọ yìí kàn ṣàdédé bàjẹ́ ni." Inú á bí mi. Màá ní, "Kò sí nǹkan tó ń ṣàdédé bàjẹ́. Kí lẹ ṣe sí i?" Ìbéèrè tí mo ń bi gbogbo ayé ló padà wá jókòó tì mí.

Ẹ̀pẹ́ ni bàbá mi ń gbé, nínú ilé tí wọ́n bí òun náà sí. Tíṣà ni, ó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́. Èmi nìkan ló bí. Ìyá mi kú nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta, mi ò sì rántí nǹkan kan nípa rẹ̀. Mi ò rántí ojú, mi ò rántí ohùn, mi ò rántí òórùn ara. Kò sí fọ́tò. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló tọ́ mi dàgbà, òun náà ti lọ. Ẹnì kan ṣoṣo tó kù láyé tó mọ ìyá mi dáadáa ni bàbá mi, bàbá mi kì í sì í sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí mo bá bèèrè, á dìde, á gbé búútà rẹ̀, á ní òun fẹ́ ṣe àlùwàlá, bẹ́ẹ̀ ìrun kankan ò tíì tó. Mo bèèrè lọ́mọdé. Mo bèèrè nígbà tí mo fẹ́ relé ọkọ. Mo bèèrè nígbà tí mo bí àkọ́bí mi. Búútà, búútà, búútà. Ó dé ìgbà kan tí mo kórìíra búútà yẹn bí ẹni kórìíra orogún.

Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Mo mú un wá sí Ìkòròdú lọ rí dókítà. Dókítà ní àìsàn tó ń jí ojú kó díẹ̀díẹ̀ ni, pé èyí tó ti lọ ti lọ, pé oògùn tí òun fún un kàn máa fa ọwọ́ àìsàn náà sẹ́yìn ni. Nígbà tí mò ń mú un padà sílé, a ti kọjá Àgbọ̀wà nínú ọkọ̀, ló bá ní, "Ìwọ ọmọ yìí. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ, ẹnu mi ò lè sọ ọ́. Mo ti gbìyànjú. Àmọ́ ọwọ́ mi lè kọ ọ́. Wá nǹkan tí mo lè fi kọ ọ́ kí ojú yìí tó tán." Mo yíjú sí fèrèsé. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo ti ń retí gbólóhùn yẹn.

Bíírò ò ṣeé lò fún un mọ́, torí ìlà á máa gorí ìlà. Mo bá gbé lápútọ́ọ̀pù àlòkù kan láti ṣọ́ọ̀bù lọ fún un. Mo gé pílásítà funfun wẹ́wẹ́, mo fi máákà dúdú kọ lẹ́tà gàdàgbà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo lẹ̀ wọ́n mọ́ orí bọ́tìnnì. Ìyẹn rọrùn. Ètò ìkọ̀wé tó fẹ́ máa lò gan-an ló jẹ́ kójú mi rí màbo.

Ẹ̀rọ náà ò lágbára, ètò ọ̀fẹ́ ni mo sì fi sínú rẹ̀. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ní àwọn ọ̀rọ̀ kan tí a lè kọ síwájú orúkọ rẹ̀ kó tó ṣí. Ẹnu ọ̀nà ló ti máa ka ọ̀rọ̀ yẹn, á wá mọ irú ibi tí òun wọ̀ àti bí òun á ṣe hùwà níbẹ̀. Bàbá mi bi mí pé kí ni mò ń tẹ̀ tó pọ̀ tó báyìí kí nǹkan kan ṣoṣo tó ṣí. Mo ṣàlàyé fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bisimilahi ẹ̀rọ nìyẹn." Mo ní, "Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀, Bàbá."

Nígbà tó kọ́kọ́ ṣí, ojú rẹ̀ dúdú kirikiri. Mo kọ LIBGL_ALWAYS_SOFTWARE=1 síwájú rẹ̀, kó má gbára lé káàdì àwòrán tó ti gbó yẹn mọ́. Ojú rẹ̀ mọ́, àmọ́ lẹ́tà kéré bí ẹsẹ̀ èèrà. Mo fi GDK_SCALE=2 kún un, kó sọ gbogbo nǹkan di ìlọ́po méjì. Mo tún mú lẹ́tà fúnra rẹ̀ tóbi sí i títí ọ̀kan fi tó àtàǹpàkò. Bàbá mi ní, "Ẹ̀n-ẹ́n! Mo rí i!" Kò tíì pa ẹnu dé tí ètò náà fi kú. Mo ṣí i, ó kú. Mo tún ṣí i, ó tún kú. Mo bú u. Mo bú ẹni tó ṣe é, mo bú ara mi tí mo lọ kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Bàbá mi ní, "Rọra o. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Ẹni tó yẹ kó gbọ́ ò gbọ́.

Tí ètò bá ń kú báyẹn, ọgbọ́n kan wà tí àwa oníṣẹ́ ń dá. À ń purọ́ fún un nípa ilé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń jẹ́ HOME, òun ni ètò ń wò kó tó mọ ibi tí ilé ẹni tó ni ín wà, ibẹ̀ ló sì ń kó gbogbo ẹrù sí. Tí a bá tọ́ka ilé mìíràn tó ṣófo fún un, tó wá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, a ti mọ̀ pé ẹrù àtijọ́ tó wà nínú ilé gidi ló ń dà á láàmú. Mo kọ HOME=/tmp/wo. Àpò tó ń jẹ́ tmp yẹn, ibi ìgbà díẹ̀ ni. Bí wọ́n bá pa ẹ̀rọ, tí wọ́n tún un tàn, gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ á ti pòórá. Ìdánwò ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo fẹ́ fi ṣe, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ṣí ètò náà. Kò kú. Bàbá mi pàtẹ́wọ́.

Ohun tó kù ò ju kí n lọ palẹ̀ ilé gidi mọ́, kí n sì pa ìlà HOME yẹn rẹ́. Ibẹ̀ ni fóònù mi ti dún. Oníbàárà kan ní Ibéṣè ló ń pariwo sí mi létí pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé òun ti dákú, pé tí mi ò bá dé lọ́jọ́ náà òun á pe ẹlòmíì. Mo ní mò ń bọ̀. Mo kó gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà níwájú ètò náà bó ṣe wà, mo fi wọ́n sẹ́yìn àmì ńlá kan láàrin ojú kọ̀ǹpútà, pé kí bàbá mi máa tẹ ìyẹn nìkan. Mo ní màá wá tún un ṣe tí mo bá padà dé. Mo wá kìlọ̀ fún un pé, "Bàbá, ẹ má pa á o. Tí ẹ bá pa á, á bi yín ní páásíwọ́ọ̀dù nígbà tó bá ń jí, ẹ ò sì ní rí ibi tí ẹ máa kọ ọ́ sí. Ìdérí rẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa pa dé. Sólà orí òrùlé á máa fún un níná." Ó ní, "Mo gbọ́." Mo sáré dé Ibéṣè, oníbàárà ti jáde lọ, kò tiẹ̀ gbé ìpè mi mọ́.

Mo padà sí Ẹ̀pẹ́ lẹ́yìn náà, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Ṣé mo tún un ṣe? Ó ń ṣiṣẹ́. Ta ló ń fọwọ́ kan ohun tó ń ṣiṣẹ́? Bàbá mi pàápàá kì í jẹ́ kí n sún mọ́ ọn. Bó bá ti gbọ́ ẹsẹ̀ mi báyìí, á pa ìdérí dé pà. "Tí mo bá parí, wàá kà á. Kò tíì parí." Màá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, màá máa gbọ́ ọ, ìka méjì péré, kọ́, á wá lẹ́tà kejì títí, kọ́. Lẹ́yìn ìrun àárọ̀ ló máa ń bẹ̀rẹ̀, á wà nídìí rẹ̀ títí oòrùn á fi mú. Lọ́jọ́ kan mo gbọ́ tó ń dá rẹ́rìn-ín nínú yàrá. Bàbá mi o! Lọ́jọ́ mìíràn ó jáde, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ní oògùn ojú ni. Búútà wà ní igun tirẹ̀, kò fọwọ́ kàn án àfi tí ìrun bá tó. Mo máa ń wò ó, inú mi á dùn.

Nígbà tí òjò ọdún náà ń parí lọ, ó pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Ojú ti lọ tán. Láti àná ni mi ò ti rí lẹ́tà kankan mọ́. Àmọ́ mo parí kó tó lọ, alihamudulilahi. Máa bọ̀ wá kà á."

Mo ti ṣọ́ọ̀bù lójú àwọn oníbàárà, mo wọkọ̀ Ẹ̀pẹ́. Ọkàn mi ò wà lọ́nà rárá. Ṣé ó ga? Ṣé òun náà máa ń tètè bínú bíi tèmi? Orin wo ló máa ń kọ fún mi tí mo bá ń sunkún? Ọjọ́ tó máa kú, ṣé ó mọ̀? Mo dé lẹ́yìn ìrun alásàrí. Bàbá mi jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kọjú sí ọ̀nà, àmọ́ kì í ṣe èmi ló ń wò. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó na ọwọ́, ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ bọ́ sí afẹ́fẹ́ kó tó rí orí mi. Ó ní, "Ó wà lórí tábìlì. Kà á sínú o. Má kà á sókè, mi ò lè gbọ́ ọ." Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ ẹnu ọ̀nà yàrá, ó sì kẹ̀yìn sí mi.

Mo ṣí ìdérí. Ẹ̀rọ tí wọn ò tíì pa láti ọ̀pọ̀ oṣù wá, ó ti rẹ̀ ẹ́. Mo tẹ àmì ńlá yẹn, kò dáhùn. Mo tún un tẹ̀, ọfà ojú rẹ̀ dúró gbagidi sójú kan. Oògùn àkọ́kọ́ tí àwa oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní, gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n. Àìmọye ìgbà lójúmọ́ ni mo ń sọ ọ́ fún àwọn èèyàn lórí fóònù: ẹ pa á, kẹ́ ẹ tún un tàn. Ọwọ́ mi ti ṣe é kí ọkàn mi tó mọ̀. Mo tẹ bọ́tìnnì, mo dì í mú. Ó kú. Ó jí. Mo tẹ páásíwọ́ọ̀dù, mo tẹ àmì ńlá. Ètò náà ṣí kíákíá, ó mọ́ tónítóní, kò sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú rẹ̀.

Mo kọ́kọ́ rò pé ibòmíì ló kó o sí. Mo tú gbogbo ilé gidi, fódà kan ò ṣẹ́ kù. Lẹ́yìn náà ni mo ṣí ìlà tó wà lẹ́yìn àmì yẹn, mo sì kà á. HOME=/tmp/wo.

Háà! Mo gbé! Mo mọ bí wọ́n ṣe ń hú fáìlì tó ti pa rẹ́ jáde látinú dísìkì, iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni. Àmọ́ èmi yìí kan náà ni mo gbé àpò tmp sínú mẹ́mórì, kí ẹ̀rọ gbígbó náà lè yára fún bàbá mi. Ohun tó bá wà nínú mẹ́mórì, bí iná bá ti kúrò lára rẹ̀, ó tán nìyẹn. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ìyá mi wà nínú ẹ̀rọ yẹn nígbà tí mo wọlé. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi pa á lẹ́ẹ̀kejì.

Mo ki ìka bọ ẹnu, mo gé e jẹ, kí n má baà ké.

Bàbá mi ní, "Ṣé o ti bẹ̀rẹ̀?"

Mo ní, "Mo ti bẹ̀rẹ̀, Bàbá."

Kí ni ǹ bá sọ? Kí n ní kó tún un kọ? Ojú wo ni yóò fi kọ ọ́? Kí n ní kó sọ ọ́? Ẹnu tí kò lè sọ ọ́ láti kékeré mi wá? Mo jókòó síwájú ojú ìwé funfun yẹn. Nígbà tó bá ṣe díẹ̀, màá tẹ bọ́tìnnì tó ń fa ìwé wálẹ̀, kọ́, kí bàbá mi lè gbọ́ pé mò ń kà á. Ojú ìwé náà ò kúrò níbi tó wà. Mo wo àwọn pílásítà. Ti A ti họ, máákà ò sí lórí rẹ̀ mọ́. Ti I ti ká sókè, ti N ti dọ̀tí. Ti Z ṣì funfun bí ọjọ́ tí mo lẹ̀ ẹ́. Ohun tí mo rí kà nípa ìyá mi ò ju ìyẹn lọ.

Bàbá mi ní, "Ṣé o ti dé ibi ọkọ̀ ojú omi?"

Mo ní, "Mo ti dé ibẹ̀."

"Ṣé o rẹ́rìn-ín?"

"Mo rẹ́rìn-ín, Bàbá."

Ó tẹ́tí. "Ṣùgbọ́n o ń sunkún."

Mi ò lè sẹ́ ẹ. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Ó ní, "Ìparí yẹn ni. Èmi náà sunkún níbẹ̀." Ó mí kanlẹ̀, èjìká rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀ bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Mi ò rí i kí ara rẹ̀ balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní, "Ó ti tán. Ìwọ náà ti wá mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Kò tún sídìí tí ẹnikẹ́ni á fi bi mí mọ́."

Ó dìde, ó ń táràrà lára ògiri, ó ń wá nǹkan. Mo nu ojú mi. Mo lọ sí igun, mo gbé búútà, mo sì fi lé e lọ́wọ́.