Ìwé Àdúrà Tí Kò Ní Orúkọ

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Fọláyọ̀ fún yín, ẹni tó ń tẹ̀wé fún àwọn ọmọ Yunifásítì ní Agbowó nígbà yẹn. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò gbà ju àga méjì àti táípùráítà kan lọ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sáré wọlé pé, "Sístà, ọ̀la ni wọ́n fẹ́ gba iṣẹ́ yìí o!" ohun tó máa ń sọ kò ju ẹyọ kan lọ: "Nó pírọ́búlẹ́mù." Bí òrùlé bá ń jò: nó pírọ́búlẹ́mù. Bí èmi aládùúgbò rẹ̀ bá béèrè Wándé, ọkọ rẹ̀ tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1981: nó pírọ́búlẹ́mù. Nígbà tó yá, mi ò béèrè mọ́.

Òun náà ló ń bá wa kọ ìwé àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì aládùúrà wa ní gbogbo Ọjọ́rú. Ohun tó bá ń dun èèyàn lọ́kàn, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé pélébé pẹ̀lú orúkọ ẹni àti orúkọ ìyá tó bíni, a ó jù ú sínú agbọ̀n. Bàbá Alàgbà Adégbọlá á wá máa kà á níkọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ni ín á jáde, á kúnlẹ̀, gbogbo ìjọ á gbàdúrà lé e lórí.

Láwùmí oníbúrẹ́dì á ní, "Sístà, ẹ bá mi kọ ọ́ pé mo ní pírọ́búlẹ́mù."

"Èwo nínú ẹ̀?" Fọláyọ̀ á bi í. "Ti ara ni, ti ilé ni, àbí ti ẹnì kan tó lórúkọ?"

"Ó lórúkọ o! Ìyálé mi ni. Òun gan-an ni pírọ́búlẹ́mù!"

A ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ má kàn pè é ní pírọ́búlẹ́mù," Fọláyọ̀ á wí. "Ẹ sọ ọ́ kó ní orí, kó ní ẹsẹ̀." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń kọ ti gbogbo wa, ẹni tí kò rọ́mọ bí, ẹni tí onílé ń lé jáde, ẹni tọ́mọ ẹ̀ ń fìdí rẹmi.

Ní Ọjọ́rú kan ní 1986, èmi ni mo jókòó tì í. Mo rí i tó ń fi ọwọ́ òsì kọ nǹkan lábẹ́ Bíbélì, nítorí Alàgbà mọ ìwé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ dáadáa. Ó ká a, ó jù ú sínú agbọ̀n. Nígbà tó kan ìwé yẹn, Alàgbà ti awò ojú rẹ̀ sókè.

"'Mo ní pírọ́búlẹ́mù. Ọkọ mi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, kò kọ̀wé mọ́.' Ta ló ni èyí? Kò sí orúkọ níbẹ̀. Àdúrà tí kò lórúkọ, ọ̀dọ̀ ta ni kó lọ?"

Fọláyọ̀ wolẹ̀; nínú ìjọ, èmi nìkan ló mọ̀ nípa Wándé. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá gbé ìwé yẹn jù sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò tún ní kọ òmíràn láyé. Ẹsẹ̀ tèmi kì í sì í dúró de ọpọlọ. Mo dìde.

"Èmi ni mo ni ín, Bàbá." Mo lọ kúnlẹ̀.

Wọ́n gbàdúrà yẹn títí òógùn fi bò wá. Ọkọ mi, Bàbá Wùnmí, awakọ̀ ni ní Ìwó Road, kì í bá mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọn ò mọ̀ ọ́n. Àfi bí Láwùmí ṣe gbé búrẹ́dì wá tù mí nínú lọ́jọ́ Àìkú, tó bá ọkùnrin lórí àga, tó ń jẹ ẹ̀bà.

"Yé! Ẹ káàbọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù, sà! Àdúrà ti gbà!"

Kí n tó lanu, ó ti sáré jáde. Bàbá Wùnmí wò mí. "Ìgbà wo ni mo lọ?"

Lọ́jọ́rú tó tẹ̀ lé e, orin ọpẹ́ ni wọ́n ti ń kọ nígbà tí mo dé. Fọláyọ̀ náà ń pàtẹ́wọ́. Ó fà mí sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ìyá Wùnmí, ẹ ti gba pírọ́búlẹ́mù mi lọ́wọ́ mi. Ó ti yanjú, ọkọ yín ti dé. Tèmi ńkọ́?"

"Mo fẹ́ bò ọ́ láṣìírí ni."

"Mo mọ̀. Ẹ ṣé, mà. Ṣùgbọ́n pírọ́búlẹ́mù yẹn nìkan ni Wándé fi sílẹ̀ fún mi."

Mo wọlé, mo dá orin dúró, mo sọ fún wọn pé ọkọ mi ò rìn kọjá Ìwó Road rí. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú Alàgbà. Mi ò sọ ẹni tó ni ìwé.

Agbọ̀n kọjá. Nígbà tó yá, Alàgbà ka òmíràn, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀: "'Èmi Fọláyọ̀ ọmọ Jẹ́jẹ́lọlá. Wándé ọkọ mi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1981. Lẹ́tà rẹ̀ ìkẹyìn dé ní 1984. Mi ò mọ̀ bóyá kí n ṣì máa retí rẹ̀.'"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Fọláyọ̀ jáde, ó kúnlẹ̀ lóun nìkan.

Lẹ́yìn ìsìn, àwọn tó máa ń rọ̀gbà yí i ká bẹ̀rẹ̀ sí í yà fún un bí ẹni ń yà fún ọlọ́fọ̀. Láwùmí pàápàá ń tún gèlè tí kò tú wé. Mo sún mọ́ ọn. "Ṣé kí n sìn ọ́ délé?"

"Nó pírọ́búlẹ́mù. Ẹ máa lọ, mà."

"Èwo nínú ẹ̀?" ni mo bi í.

Ó dúró, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ti ilé ni. Ó dákẹ́ jù."

Mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ó dúpẹ́, ó wọlé, mo sì gbọ́ bó ṣe ti ìlẹ̀kùn mọ́ra rẹ̀.